Nígbà Tí Oògùn Méjì Bá Dìmọ̀ Lu Jẹjẹrẹ Ọmú
Ní 1896 ni George Beatson, oníṣẹ́-abẹ ní Glasgow, ròyìn pé nígbà tí òun yọ ilé-ẹyin obìnrin kan, jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ súnkì; èròjà ẹsitirójìn tí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ ń jẹ dàgbà ni oògùn tamoxifen ń dí lọ́nà lónìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, àrùn náà a sì máa kọ́ bí a ti í yè lábẹ́ ìyàn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń dán tamoxifen wò pẹ̀lú oògùn tó ń tú ìjánu lẹ́nu àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, ọgbọ́n tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àwọn onímọ̀ Allison àti Honjo ní 2018. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni jó ijó ìṣẹ́gun o, nítorí ẹ̀ṣọ́ kì í sábà pọ̀ nínú irú jẹjẹrẹ yìí, èyí tí a sì tú sílẹ̀ lè bá ìfun onílé jà.