Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Sọ Àlá Di Géèmù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ohun tí pásítọ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyá kan nínú ìjọ ló gbé e kò wá lójú.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan ni, lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Opó ni arábìnrin náà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Ó dúró títí gbogbo ènìyàn fi lọ tán, ó wá yọ ìwé ìkọ̀wé kan nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú wa. "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ mi ni mo ti rí i." A ṣí ìwé náà. Àlá ló kún inú rẹ̀, ojú ìwé lórí ojú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí ọmọ náà lá wọn: ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, odò tó ń ṣàn gba àárín kíláàsì kọjá, ọjà kan tí gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí oníbàárà. Ó ya àwòrán wọn pẹ̀lú, ó sì fi ọfà so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ìyá náà ń sunkún. Lójú tirẹ̀, ọmọ òun ti wọ ẹgbẹ́ awo, àwọn ọfà yẹn sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pàdé lóru.

Kí a má parọ́, àyà tiwa náà kọ́kọ́ já. A mọ ipò tí àlá wà nínú ilé àwọn ènìyàn wa. Ẹni tó bá jẹun lójú orun, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà pásítọ̀. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ní ọ̀tá fẹ́ dá òun padà sẹ́yìn. A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọlọ́run tó fi àlá bá Jósẹ́fù àti Dáníẹ́lì lò kò tíì kú. Ṣùgbọ́n ìwé Oníwàásù náà jẹ́ kó yé wa pé iṣẹ́ àti wàhálà ọ̀sán a máa bí àlá, a kì í sì í fẹ́ rántí ibẹ̀ yẹn.

A ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òun náà ló ń bá wa tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe bó bá ń hu nígbà ìsìn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wa, ojú tì í. "Bàbá, géèmù ni. Mo fẹ́ ṣe géèmù tí ènìyàn á máa rìn kiri nínú àlá."

A ní kó jókòó kó ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ náà jókòó. Ohun tí a gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, àti èyí tí àwa fúnra wa lọ wádìí lẹ́yìn rẹ̀, ni a fẹ́ bá yín sọ.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú Super Mario Bros. 2 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, ẹni tó bá gbá géèmù náà dé òpin ni yóò rí Mario lórí bẹ́ẹ̀dì, tí yóò wá mọ̀ pé àlá ni gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n onítàn lásán nìyẹn. Lọ́dún 1996, àwọn Sonic Team ní Japan ṣe NiGHTS into Dreams, níbi tí ọmọdé méjì, Elliot àti Claris, ti ń fò lójú sánmà nínú àlá wọn. Fífò lójú orun, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Èyí tó bá ti ọmọ wa mu jù ni èyí tó jáde ní Japan lọ́dún 1998 fún ẹ̀rọ PlayStation, tí wọ́n ń pè ní LSD: Dream Emulator. Orúkọ yẹn kò dùn létí òbí, nítorí orúkọ oògùn olóró tó ń mú kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí ni. Nígbà tí ọmọ náà pè é, a yára béèrè nǹkan mìíràn kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́. Osamu Sato ló darí iṣẹ́ náà. Ibi tí wọ́n ti mú àlá inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì: obìnrin kan, Hiroko Nishikawa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó gbé géèmù náà jáde, ti ń kọ àlá rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí a gbọ́ èyí, a wo ìwé tó wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan sí i, a rí i pé ìyá yìí ti lè dáná sun un láìmọ ohun tó ń sun.

Báwo wá ni géèmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Kò sí ọ̀tá tí a ó pa níbẹ̀, kò sí máàkì, kò sí ẹ̀bùn. Ènìyàn kàn ń rìn ni. Ohunkóhun tó bá fara kàn, ì báà jẹ́ ògiri, ì báà jẹ́ ẹranko, ì báà jẹ́ ènìyàn, yóò gbé e jù sí ibòmíràn. Àlá kan kì í ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Bó bá jí, ẹ̀rọ náà á fi àmì sí orí àwòrán onílà méjì kan láti fi hàn bóyá àlá náà mú inú dùn tàbí ó wúwo, bóyá ó ń yára tàbí ó dúró sójú kan. Bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́, àwọ̀ ògiri àti ilẹ̀ ibẹ̀ á máa yí padà.

A rò ó, a rí i pé ẹni tó gbé èyí kalẹ̀ mọ àlá. Lójú orun, a kì í wọ mọ́tò. A lè wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì n'Ìbàdàn, kí a gbé ọwọ́ lé ògiri, kí a sì bá ara wa lẹ́yìnkùlé ìyá wa lábúlé, kò sì ní jọ wá lójú rárá. Ọ̀nà ni ojú àlá kò ní. Nítorí náà iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù àlá ni pé kó mọ ohun tí yóò yọ kúrò.

Ọmọ náà sọ fún wa pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ṣòro. Rírú nǹkan pọ̀ rọrùn fún kọ̀ǹpútà. Òun ti kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan tí gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ségesège, àwọn ọ̀rẹ́ òun gbá a fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n pa á tì. Ó wá yé òun pé àlá ní ibi tó máa ń padà sí. Ilé kan náà, ọjà kan náà, ṣùgbọ́n lónìí fèrèsé ti kúrò níbi tó wà lánàá. Ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ tó kí ìyípadà kékeré tó lè dẹ́rù bà á. Ohun tí àwọn ọfà yẹn wà fún nìyẹn. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ní, "Wọn kò wá fi pàdé lóru?" Ọmọ náà ní, "Màmá, rárá o."

Géèmù kejì tó dárúkọ ni Yume Nikki, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ìwé àkọsílẹ̀ àlá. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pe ara rẹ̀ ní Kikiyama ló ṣe é, tó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2004. Ọmọbìnrin kan, Madotsuki, wà nínú yàrá, kò sì ní jáde. Bó bá dùbúlẹ̀, yóò bá ara rẹ̀ níbi tí ilẹ̀kùn 12 wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ṣí sí ilẹ̀ àlá ọ̀tọ̀. Ohun 24 ló wà láti kó jọ kiri ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ jí, bọ́tìnnì kan wà tí a ó tẹ̀, yóò fún ara rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì la ojú. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ pa ibi tí a dé mọ́, a ó mú un lọ sídìí tábìlì rẹ̀ kó kọ ọ́ sínú ìwé. A gbóríyìn fún bọ́tìnnì ìjí yẹn. Bí a bá jẹ́ ká mú ènìyàn wọ inú òkùnkùn, ó yẹ kí ọ̀nà àbájáde wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a bínú sí òpin rẹ̀, a ó sì sọ ọ́ kí òbí lè mọ̀. Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin náà bá ti kó ohun 24 náà jọ, tó sì kó wọn sílẹ̀, yóò jí, yóò jáde síbi gbangba tó wà lẹ́yìn yàrá rẹ̀ lókè, yóò sì bẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí. Wọ́n ní ẹni tó bá gbá a ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa kò fara mọ́ ọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn yàrá yẹn, kò sí ẹni tó bi ọmọ náà pé, "Ṣé o sùn dáadáa?" Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Bí ti ajá ni ti ọmọbìnrin yẹn rí. Nígbà tí a sọ èyí, ọmọ tiwa tẹ orí ba, a sì rántí pé abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ti rí ìwé òun náà.

Ẹlòmíràn á ní eré lásán ni. Lọ́dún 2000, Robert Stickgold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní kí ènìyàn 27 gbá Tetris, géèmù tí búlọ́ọ̀kù ti ń já bọ́ láti òkè, fún wákàtí 7 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó ju ìdajì wọn lọ tó rí búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́ bí oorun ṣe ń gbé wọn lọ. Márùn-ún nínú wọn ni àìsàn ọpọlọ ti mú kí wọ́n máa gbàgbé ohun tuntun. Wọn kò rántí pé àwọn gbá géèmù kankan rí. Síbẹ̀ mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún yìí rí búlọ́ọ̀kù náà. Ọba Nebukadinésárì gbàgbé àlá tí ó lá. Àwọn wọ̀nyí gbàgbé iṣẹ́ tó bí àlá. A sọ fún ọmọ náà pé: "Ohun tí o bá fi sínú ẹ̀rọ yìí, ojú oorun ọmọ ọlọ́mọ ni yóò dé. Kí ni o fi síbẹ̀?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí ìyá òun jọ̀wọ́ dúró níta díẹ̀, ó wá ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀.

Ọjà inú ìwé yẹn ni. Gbogbo ọlọ́jà kọ ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan jókòó lórí àpótí ní ìkángun pẹ̀lú fìlà lórí. "Bàbá mi nìyẹn, sà." Bí ènìyàn bá rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀kùn, ọkùnrin náà á yíjú padà, ọ̀rọ̀ á sì yọ sójú ẹ̀rọ pé òun ti dárí jì í. Nígbà náà ni a gbọ́ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, ó pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ń kàwé ìdánwò, ó ní òun á pè é padà bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ará, a mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ wí nípa bíbá òkú sọ̀rọ̀, a sì mọ ìtàn Sọ́ọ̀lù ní Éńdórì. A lè fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ ló wà níwájú wa, kì í ṣe abókùúsọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan péré ni a bi í: "Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ ń sọ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìdáríjì tí o fọwọ́ ara rẹ kọ, ṣé yóò gbé ẹrù yẹn kúrò lọ́rùn rẹ?"

Ó sunkún, a sì jẹ́ kó sun ún. Lẹ́yìn náà ni a gbàdúrà pọ̀. A sọ fún un pé bàbá tiwa náà máa ń wá lójú orun, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa ń tún ṣe. Kì í sọ nǹkan kan. Nígbà kan rí inú máa ń bí wa pé kì í sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí a kàn máa ń dúró tì í ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó padà wá, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ọkùnrin náà kò yíjú mọ́. Àpótí kejì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gbá géèmù lè jókòó níbẹ̀ bó ti fẹ́ kó pẹ́ tó, kó máa gbọ́ ariwo ọjà. Bó bá tó o, á tẹ bọ́tìnnì, á jí. Yàrá tó jí sí ní ilẹ̀kùn, a sì ń gbọ́ kí òróró máa hó níta. Ẹ̀rọ kò ní pa ibi tó dé mọ́ àfi bó bá jáde lọ bá ìyá tó ń din àkàrà, kó rọ́ àlá náà fún un.

Arábìnrin náà gbá a fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáká lórí bọ́tìnnì, ó ń forí gbá ògiri, ó ń bá ara rẹ̀ nínú odò, ó ń pariwo "Jésù!" Nígbà tó wá dé ọjà, ó jókòó sórí àpótí yẹn. Ó jókòó tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé ẹ̀rọ ti kú. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ, ó ní, "Fìlà yìí kọ́ ló máa ń dé lọ sọ́jà. Abetí ajá ni, etí kan sì ti ya."

Ọmọ náà wá bírò, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bi í pé, "Màmá, etí òsì ni àbí ọ̀tún?"