Ìdí Tí Aago Àwọn Kọ̀ǹpútà Ìjọba Fi Gbọdọ̀ Bára Mu

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé olùgbé kan san owó-orí ilé rẹ̀ láti orí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ tí gbèdéke yóò parí. Kọ̀ǹpútà báńkì kọ ọ́ pé agogo 11:57 alẹ́ ni owó kúrò. Kọ̀ǹpútà tí ó gba owó náà kọ 12:03 òru, ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú 6 péré ni ìyàtọ̀ náà, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ kan dá a láre, èkejì bu ìtanràn lé e. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Aago wọn ni kò bára mu.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ ohun tí ó bá ṣe sílẹ̀: ẹni tí ó wọlé, owó tí ó wọlé, fáìlì tí a yí padà. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti pọ̀, a máa ń kó àwọn àkọsílẹ̀ yìí jọ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo kí a lè tọpasẹ̀ ọ̀ràn. Bí aago bá yẹ̀, a lè kà á níbẹ̀ pé fáìlì ti yí padà kí ẹni tí ó yí i padà tó wọlé. Ọ̀ràn náà sì lè dé ilé ẹjọ́. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè pé kí a fi hàn pé kọ̀ǹpútà tí ìwé ẹ̀rí ti jáde ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, tàbí pé àbùkù rẹ̀ kò ba òtítọ́ ohun tí ó kọ jẹ́. Agbẹjọ́rò tí ó mọṣẹ́ kò ní gbójú fo aago tí ó yẹ̀.

Òkúta kékeré tí a ń pè ní quartz ni ó ń darí aago inú kọ̀ǹpútà. Ó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì yẹ̀ lójúmọ́, ooru sì ń dà á láàmú. Bí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá kú tí iná sì lọ, aago náà lè padà sí ọdún tí ó ti kọjá tipẹ́.

Ìlànà NTP, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n David Mills ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1985, ni a fi ń tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà yóò béèrè àkókò lọ́wọ́ òmíràn tí aago rẹ̀ péye, yóò wo bí ìbéèrè àti ìdáhùn ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, yóò sì yọ ìdajì rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò.

Àwọn kan rò pé aago ẹ̀rọ tí ó ń kó àkọsílẹ̀ jọ nìkan ni ó yẹ kí a tún ṣe. Àṣìṣe ni, nítorí ẹ̀rọ tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni ó ń kọ wákàtí sí i, títí kan kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Kí gbogbo wọn gba àkókò láti orísun kan náà nínú ilé iṣẹ́, kí orísun náà sì máa béèrè lọ́wọ́ aago mẹ́rin ó kéré tán, kí a lè dá èyí tí ó bá ṣìnà mọ̀. Port 123 ti UDP gbọdọ̀ ṣí fún un. Kí a máa tún aago tí ó ń ṣiṣẹ́ ṣe díẹ̀díẹ̀, kí a má ṣe fà á sẹ́yìn lójijì. Kí a fi wákàtí àgbáyé, UTC, tọ́jú àkọsílẹ̀. Wákàtí 1 ni Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún, nítorí náà 12:30 òru wa yóò hàn níbẹ̀ bí 11:30 alẹ́ àná. Lórí ẹ̀rọ tí ó ń lo chrony, àṣẹ chronyc tracking yóò fi ìyàtọ̀ tí ó bá kù hàn.

Ní ti ẹ̀yin olùgbé, ẹ jẹ́ kí fóònù yín máa gba àkókò fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ ìsanwó sùn, ẹ mú nọ́mbà ìdánimọ̀ ìsanwó náà wá pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí ó wà lórí rìsíìtì. Nọ́mbà yẹn kì í yí padà bí aago tilẹ̀ yẹ̀.