Àwòrán ìfun: bí ó ṣe dé, àti ohun tí ará Bìní lè yàn nínú rẹ̀

Ọdún 1973 ni ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Bìní, UBTH tí gbogbo èèyàn mọ̀ ní Ugbowo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1969 sì ni William Wolff àti Hiromi Shinya, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní New York, ti kámẹ́rà gígùn tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bọ inú ìfun ńlá láti ìdí, tí wọ́n fi wáyà gé kókó kúrò níbẹ̀ láìla ikùn. Ẹgbẹ́ kan náà ni ilé ìwòsàn yìí àti irinṣẹ́ méjèèjì. Síbẹ̀, bí ará Bìní tó ti pé ọmọ ọdún 45, tí nǹkan kan ò ṣe é, bá béèrè pé àwòrán wo ni kí òun lọ yà láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ń yọ́ wọ ìfun òun, dókítà á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná.

Kókó yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kókó kékeré lára ògiri ìfun, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di àìsàn. Bí wọ́n bá rí i lásìkò yẹn tí wọ́n gé e, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹni tí ara rẹ̀ le koko wò.

Báríọ́mù ló kọ́kọ́ jọba. Ní 1923, A. W. Fischer ní Jámánì gbé ọgbọ́n kan jáde: wọ́n á rọ oògùn funfun tó ki bí ògì gba ìdí wọlé, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn tẹ̀lé e, wọ́n á wá fi X-ray ya ibi tí oògùn náà lẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ gan-an tí ayé fi lò ó, àwọn ilé ìwòsàn tiwa náà lò ó. Ọdún 2000 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tú àṣírí rẹ̀: nínú àwọn kókó tó ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, èyí tí báríọ́mù rí kò tó ìdajì. Ní 2013, ìwádìí mìíràn ní Bírítéènì fi hàn pé CT ń rí ju báríọ́mù lọ.

Ọ̀dọ̀ David Vining, dókítà ayàwòrán ní North Carolina, ni CT ìfun ti wá. Níbi ìpàdé kan ní Hawaii ní 1994, ó fi kọ̀ǹpútà sọ àwòrán CT di fíìmù tó ń fò gba inú ìfun kọjá, ó sì fi orin Wagner tó ń dún kíkankíkan sí i lábẹ́. (Ta ló mọ̀ pé ìfun yẹ fún irú orin bẹ́ẹ̀!) Ní 2003, Perry Pickhardt àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èèyàn 1,233 tí ara wọn dá wò: CT wọn rí nǹkan bí 94 nínú 100 àwọn tó ní kókó tó tó sẹ̀ǹtímítà kan. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ rí nǹkan bí 88.

Àwọn olówó ayé kò fi àkókò ṣòfò. Ní 2002 àti 2007, kí wọ́n tó fún Ààrẹ George Bush ní oògùn oorun fún kámẹ́rà, ó ní láti fa agbára lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀. Ní 2010, CT ni Barack Obama ṣe. Kò sùn, kò sì fa nǹkan kan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé ọdún kan ṣáájú ni ètò ìlera àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ kọ̀ láti máa sanwó CT yìí fún aráàlú. January 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Ní Bìní, kò sí ètò ìjọba tó ń ránṣẹ́ pe ẹni tí ara rẹ̀ le wá ṣe àyẹ̀wò ìfun, àpò ara ẹni sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sanwó. Níbẹ̀ ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń polówó CT. Lóòótọ́, kò gba oorun, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ lo oògùn tó ń fọ ìfun kó sì lọ sílé ìgbẹ́ léraléra, bíi ti oníkámẹ́rà. Bí wọ́n bá wá rí kókó, CT kò ní wáyà tí wọ́n ó fi gé e. Á tún lọ fọ ìfun, á tún lọ sanwó kámẹ́rà. Ẹni tí owó rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan péré, kó kúkú fi ṣe kámẹ́rà.

Ti skáànù inú tí wọ́n fi ń wo aboyún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, tí wọ́n ń fọkàn balẹ̀ pé àwọn ti yẹ inú wò. Atẹ́gùn inú ìfun kì í jẹ́ kí skáànù yẹn rí nǹkan tó ṣe gúnmọ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti ń bá ìgbẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ ti kọjá pé èwo ni kí n yàn. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń sáré sí, oṣù á sì máa gorí oṣù. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ARGO, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tí ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York ń bá ṣiṣẹ́, kò dúró de ètò fún gbogbo aráàlú. Àwọn tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá, kámẹ́rà ni wọ́n sì fi wò wọ́n.

Fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, àyẹ̀wò ìgbẹ́ FIT, tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí, lọ́dọọdún, ni mo rò pé ó bá àpò ará Bìní mu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwòrán rárá. Bí ó bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kámẹ́rà ló kàn. Kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe CT béèrè kó tó sanwó pé, bí wọ́n bá rí kókó, ta ni yóò gé e, níbo, èló. Bí kò bá sì sí kókó, ó di ọdún márùn-ún kó tó tún un ṣe. Ti kámẹ́rà di ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti ní àrùn náà kò sí nínú ìṣirò yìí. Kámẹ́rà ni tirẹ̀, láti ọmọ 40 ọdún, tàbí nígbà tó bá ku ọdún mẹ́wàá kó pé ọjọ́ orí tí wọ́n ti rí i lára ẹbí rẹ̀ yẹn, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.