Gbígbẹ́, Fífá àti Lílà: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Lórí Tábìlì Iṣẹ́ Àtijọ́

Ìfáárà

Ní ìgbà kan, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní iṣẹ́ ìtumọ̀ kan tí ó dá lórí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Nígbà tí a gba ìwé wọn, a rí i pé ayùn, ìfági, òòlù, títí kan irin tí a fi ń gbẹ́ ihò sára igi, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pè ní 'ohun èlò ìgégi'. (Òòlù kò gé igi rí.) Èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a to orúkọ àwọn irinṣẹ́ náà jọ, kí a sì fún wọn kí wọ́n kọ́ ọ sórí. Nítorí ìdí èyí, a mú ìwé àti bírò, a tọ àbúrò bàbá wa kan lọ, ẹni tí ó ti fi ohun tí ó lé ní ogójì ọdún ṣiṣẹ́ káfíńtà lórí tábìlì kan ṣoṣo. Ohun tí a mú bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn yàtọ̀ sí ohun tí a wá lọ.

Àlàyé tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìmọ̀ iṣẹ́ igi fi ṣe ibùgbé nínú èdè Yorùbá, ju inú ọ̀rọ̀-orúkọ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ìmọ̀ náà jọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí irinṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kò lo tábìlì

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ó yẹ kí a wo gbẹ́nàgbẹ́nà, nítorí òun ni ó ṣaájú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ kò ní tábìlì iṣẹ́. Ilẹ̀ tàbí orí àpótí ni ó ń jókòó sí; ẹsẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ ni ó fi ń di igi mú. Bí ó bá jẹ́ òpó ilé ni ó ń gbẹ́, ilẹ̀ ni ìtì igi náà máa wà gbalaja. Igi tútù ni ó sábà máa ń lò, nítorí pé ó rọ̀ ju èyí tí ó ti gbẹ lọ. Irinṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni àáké kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ kò rí bí ti àáké ìlagi, ṣùgbọ́n tí ó dábùú bí ẹnu ọkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo èyí. Àgbẹ̀ tí ó gbé ọkọ́ ń gbẹ́ ilẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbé àáké yìí ń gbẹ́ igi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, bí ọwọ́ ṣe ń lọ sókè tí ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ kò yàtọ̀: àwọn méjèèjì ń sọ irin kalẹ̀, wọ́n sì ń fà á sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹni tí ó bá rò pé gbẹ́ inú 'gbẹ́ kòtò' àti gbẹ́ inú 'gbẹ́ ère' jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn kàn ṣe kòńgẹ́, ẹni náà kò tíì rí irinṣẹ́ yìí.

Nínú ìwé tí ó kọ lórí ọnà igi ẹ̀sìn Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1967, Fadá Kevin Carroll ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pín sí. Fadá yìí wà lára àwọn tí ó darí ilé iṣẹ́ ọnà tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Bándélé, ọmọ Àrẹògún ti Òsì-Ìlọrin, ti ṣiṣẹ́, tí Làmídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ni a fi ń yọ orí, ara àti ẹsẹ̀ ère ní gbàǹgbà gbàǹgbà. Àlétúnlé ni ó tẹ̀lé e, níbi tí a ti ń pín ohun ńlá wọ̀nyí sí kéékèèké, tí etí àti ojú ń fara hàn. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ó tó kan fínfín, tí ọ̀bẹ fi ń ya irun orí, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ẹ wo àlétúnlé dáadáa: bí àsọtúnsọ àti àkàtúnkà ṣe rí gan-an ni ó rí. Àwa olùkọ́ èdè a máa rò pé yàrá ìpàdé wa nìkan ni a ti ń ṣẹ̀dá irú ọ̀rọ̀ báyìí. Fín náà kò sì dúró sára igi nìkan. A ń fín igbá, a sì ń fín ara.

Ohun tí ó bí tábìlì

Kí ló dé tí káfíńtà fi nílò tábìlì nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà kò nílò rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ibi tí irin ń kọjú sí. Ìfági àti ayùn tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù wá, títì ni à ń tì wọ́n síwájú. Bí a bá ti igi tí kò sí ohun tí ó dì í mú, igi náà yóò sá lọ. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ ní pákó tí ó nípọn, tí ó ga dé ìbàdí, tí a kan igi kékeré mọ́ orí rẹ̀ láti dá iṣẹ́ dúró. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ Japan máa ń fa ayùn àti ìfági tiwọn sọ́dọ̀ ara ni. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn kò ṣe jìnnà sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ara àti ẹsẹ̀ wọn di igi mú.

Lára àwọn tí ó sọ iṣẹ́ orí tábìlì yìí di iṣẹ́ iyì ní Èkó ni àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa, ọ̀kan lára wọn, ni ó kọ́ ọ. Èdè wa gba iṣẹ́ tuntun náà ní ọ̀nà méjì: ó yá orúkọ, bíi káfíńtà àti bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n kò yá ọ̀rọ̀-ìṣe. Fá tí a fi ń fá orí ni ó fún wa ní ìfági. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì tilẹ̀ pe Jósẹ́fù ní gbẹ́nàgbẹ́nà, wọ́n gbé ọkùnrin onítábìlì jókòó sílẹ̀!

Là kì í ṣe gé

Àbúrò bàbá wa ń fi ayùn bọ́ sínú pákó gígùn kan nígbà tí a dé. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé, 'Wọ́n ń gé igi', a sì kà á sí wọn létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

'Ọmọ mi, igi tí mò ń là ni o ní mò ń gé yìí?'

Wọ́n gbé ayùn méjì kalẹ̀. Láti òkèèrè, ìkan náà ni wọ́n. Nígbà tí a fọwọ́ kan eyín wọn ni a rí ìyàtọ̀. Eyín ayùn tí a fi ń la igi tẹ́ lẹ́nu, ó ń họ igi kúrò bí irin ìgbẹ́hò. Eyín èkejì ṣóńṣó, a pọ́n ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀bẹ, nítorí pé ó ní láti já iṣan igi kọjá ní ìdábùú kí ó má baà ya. Lílà ń tẹ̀lé iṣan igi, gígé ń dá a lọ́nà. Ayùn kan ni ó jẹ́ ti ìgégi ní tòótọ́, òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo irinṣẹ́. A bi wọ́n ní orúkọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé e ka igi, wọ́n fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní, 'Ohun tí ó ń ṣe nìyẹn.' Ìbínú díẹ̀ mú wa nígbà náà, nítorí a fẹ́ orúkọ.

Lónìí, ọ̀pọ̀ káfíńtà ni ó ń kó pákó lọ fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ oníná. Ẹ̀rọ náà ń là, ó ń fá, ó ń dán igi, ó sì yá ju ọwọ́ lọ. A kò ní sọ pé kí wọ́n jù ú nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi ọmọ iṣẹ́ kan léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí pákó rẹ̀, ó ní wọ́n 'ń fi mọ̀ṣíìnì ṣe é' ni. Ṣe ti gba ipò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kejì rẹ̀ jáde ní 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì, ṣe gudugudu méje fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò nílò ìgbìmọ̀ tí yóò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò lọ jókòó tì wọ́n ni ó nílò.

Àbúrò bàbá wa ti jáde láyé. Wọ́n ta tábìlì náà fún ẹni tí ó ń ta igi ìdáná, ìfági kan ṣoṣo ni ó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Orí tábìlì ìkọ̀wé wa ni ó wà. Ní sáà tí ó kọjá, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pákó kí wọ́n fá a kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fá tirẹ̀ lòdì sí ọ̀nà tí iṣan igi gbà lọ, igi náà sì ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ó bi wá léèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn káfíńtà máa ń lò bí igi bá ṣe báyìí. A kò bi àbúrò bàbá wa ní ìyẹn.