Ẹ má sá fún dókítà jẹjẹrẹ o! Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ

Bí wọ́n bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ fún ẹlòmíì nílùú Èkó yìí, abẹ́ ìrọ̀rí ni yóò ki ìwé tí dókítà kọ fún un bọ̀. Yóò ní bóun bá fi lè débẹ̀, wọ́n máa gé ọmú òun dànù lójú ẹsẹ̀ ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńláńlá lọ́nà Ọba Akran àti Ọgbà yóò ní kí oṣù parí ná, káwọn gba lífù. Kí wọ́n tó mọ̀, oṣù mẹ́fà ti lọ, kókó tí kò ju èkùrọ́ lọ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìbéèrè àti àyẹ̀wò ni gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà tàbí Agége lè bẹ̀rẹ̀ ní LASUTH, ọsibítù jẹ́nẹ́rà Ìkẹjà àtijọ́ tó di ti yunifásítì lọ́dún 2001. Bó bá kan ẹ̀rọ ìtànṣán, èyí táwọn èèyàn wa ń pè ní iná, ọ̀kan wà ní Ìdí-Àràbà, nínú ọgbà LUTH, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH lọ́dún 2019.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kó gbogbo èsì àyẹ̀wò dání, àti fọ́tò tí wọ́n yà fún yín, kì í ṣe ìwé tí wọ́n kọ lé e lórí nìkan. Ẹran tín-ín-tín tí wọ́n gé lára yín, inú ìda ni láàbù máa ń dì í sí. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa rí i gbà, torí ọsibítù mìíràn lè fẹ́ tún un yẹ̀ wò.

Dókítà yóò bi yín ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i, bóyá ẹnì kan ti ní in rí nínú ẹbí, àti oògùn tẹ́ ẹ ń lò. Ẹ má fi àgbo pa mọ́ o! Kò sẹ́ni tó fẹ́ bú yín, ṣùgbọ́n àgbo mìíràn lè bá oògùn wọn jà nínú ara. Wọ́n á wọn yín wò lórí ìwọ̀n, nítorí bí ara bá ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn kẹ́mò. Wọn yóò fọwọ́ kan ọrùn, abíyá àti ikùn. Obìnrin lè ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró ti òun.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú pé wọn ò fún àwọn lóògùn lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí Olóògbé Gani Fawẹhinmi, àgbà lọ́yà tó kú lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009. Àìsàn mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, kí wọ́n tó rí i nílùú London pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Oògùn tí kò bá àìsàn mu, owó ìnádànù ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń wá irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti ibi tó rìn dé. Ipele mẹ́rin ló wà, wọ́n sì lè gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síwájú àwọn dókítà mìíràn kí wọ́n tó sọ bóyá iṣẹ́ abẹ, kẹ́mò tàbí iná ló máa ṣáájú.

Ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ ń wò ó kó lọ ni, àbí kó lè rọlẹ̀? Ìgbà mélòó ni mo máa gba kẹ́mò? Ẹlòmíì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni. Ṣé mo lè máa lọ síbi iṣẹ́? Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀, torí ó lè dí ọ̀nà ọmọ.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ má tijú. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo iye rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ béèrè ohun tí káàdì HMO ibi iṣẹ́ yín máa san. Kẹ́ ẹ sì yà lọ́dọ̀ àwọn wẹ́fẹ́à ọsibítù, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fáwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti prostate tó ń bá àwọn ọkùnrin jà.

Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹni tí kì í tètè sunkún, kó máa bá yín kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá fún yín. Bẹ́ ẹ bá ń wá lífù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbà á fún.