Láti Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú Ìkẹjà dé Jericho: Ọkọ̀ wo ló yẹ kí èèyàn wọ̀?

Ọkọ̀ òfuurufú láti London balẹ̀ sí Ìkẹjà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kí èrò tó tò kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kó tó rí báàgì rẹ̀ gbà, aago méje ti ń lù, ilẹ̀ sì ti ṣú. Fóònù dún. Ìyá ló ń pè láti Jericho, n'Íbàdàn: "Ṣé o ti wọ mọ́tò?"

Ìbéèrè kékeré ni, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ lágbára. Láti Ìkẹjà dé Jericho lé ní 120 kìlómítà, ọkọ̀ tí èèyàn bá sì yàn ló máa sọ bóyá yóò jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé, àbí yóò jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Káárà títí di òru, àbí nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi owó bẹ̀rẹ̀ ìrònú wọn: èló ni, èwo ló dínwó jù? Aago ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Aago tí ọkọ̀ òfuurufú bá balẹ̀ ló ń pinnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún èèyàn. Àwọn tó ń bọ̀ láti London sábà máa ń dé ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ìdájí, àwọn méjèèjì kò sì jọra rárá.

Ẹni tó balẹ̀ ní ìdájí ní gbogbo ọjọ́ níwájú rẹ̀. Ó lè wọ rélùwéè, ó lè háyà ọkọ̀, ó lè lọ sí gáréèjì. Ẹni tó balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní tiẹ̀, ọ̀nà tó dáa jù fún un ni kó má lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Kó sùn l'Ékòó. Yálà nílé ẹ̀gbọ́n ní Ọ̀gbà ni o, tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà, kó sùn, kó gbéra lówùúrọ̀. Àwọn ìyá kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ọbẹ̀ ti wà lórí iná, àwọn ará ilé ti péjọ. Ṣùgbọ́n ìdí wà.

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti ìgbà tí àtúnṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, tí wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì ní Ṣágámù: Julius Berger gba apá Èkó, RCC gba apá Ìbàdàn. Lọ́sàn-án, tí kò bá sí ìdíwọ́, wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ ti tó láti Bẹ́gà wọ Ìbàdàn. Lálẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tírélà tó dákú sójú ọ̀nà láìsí iná lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì, awakọ̀ tó ti rẹ̀ náà kì í tètè rí i. Láàárín Ṣágámù sí Ìbàdàn, igbó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ilé sì jìnnà síra wọn. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn ajínigbé dá àwọn arìnrìn-àjò lọ́nà ní agbègbè Onígààrí, wọ́n sì kó èèyàn wọ igbó, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Yunifásítì Ìbàdàn, tó lo ọjọ́ bíi mélòó kan lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Àwọn agbófinró pọ̀ lójú ọ̀nà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tó mọ ọ̀nà náà dáadáa tí inú rẹ̀ máa ń dùn láti gbéra ní Ìkẹjà ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó bá ní "kò séwu, ẹ jẹ́ ká máa lọ" lálẹ́, owó ló ń wá.

Rélùwéè

Ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá l'Ékòó, kó kọ́kọ́ ro ti ọkọ̀ ojú irin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kejìlá ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní gbangba ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Ojú irin náà jẹ́ 157 kìlómítà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, ó gba Agége, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì parí sí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà.

Ohun tí rélùwéè fi dára ni pé kò mọ Káárà, kò mọ Bẹ́gà, kò sì mọ̀ bóyá tírélà ṣubú ní Ògèrè. Ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀, èèyàn lè rìn káàkiri, ọmọ kékeré lè sùn. Ìrìn náà máa ń tó wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Owó rẹ̀ náà kéré gan-an sí ti ẹni tó háyà odindi ọkọ̀.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ará òkè òkun ń ṣe ni pé wọ́n máa ń ti pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ẹ̀bútè-Mẹ́ta láti lọ wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé wọ́n kọjú sí Erékùṣù Èkó, nígbà tí Ìbàdàn wà lẹ́yìn wọn. Agége ló sún mọ́ Ìkẹjà jù, ọkọ̀ náà sì máa ń dúró níbẹ̀ gbé èrò. Kí èèyàn gba takisí lọ síbẹ̀. Kó má ro ti ọ̀kadà o, ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní Ìkẹjà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ta ló sì fẹ́ gbé àpótí kílò 23 lé orí ọ̀kadà?

Rélùwéè ní àléébù tirẹ̀. Ìrìn rẹ̀ láàárín ọjọ́ kò pọ̀, àjọ tó ń bójú tó o sì máa ń yí àkókò padà, nítorí náà kí èèyàn wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ gan-an, kó má gbára lé ohun tí ẹnìkan sọ fún un lọ́dún tó kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń tán ní ọjọ́ Jímọ̀ àti ní àsìkò ọdún. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá sì pẹ́ dé, rélùwéè kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Àléébù tó kù ni Mọníyà fúnra rẹ̀. Mọníyà jìnnà sí Jericho. Ojú irin àtijọ́ táwọn òyìnbó ṣe, tó wọ Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1901, Dùgbẹ̀ ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, láti ibẹ̀, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé Jericho tí ẹrù rẹ̀ kò bá pọ̀. Tuntun yìí sọ èrò sí ìpẹ̀kun ìlú lápá àríwá. Ẹni tó bá sọ̀ ní Mọníyà á gba Ọjọ́ọ̀, á kọjá Yunifásítì, á dé Ṣángò, á wá yà gba iwájú Pólì àti Ìjokòdó lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, kó tó wọ Jericho. Àwọn onítakisí Micra máa ń tò síwájú ibùdókọ̀ náà bí ọkọ̀ bá ti ń wọlé, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè kì í sì í ṣe iye tí wọ́n máa gbà. Kí èèyàn ná an. Tí ará ilé bá lè wá fi mọ́tò pàdé rẹ̀, ó dáa jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó mọ̀lú dáadáa a tún máa bèèrè bóyá ọkọ̀ tó ń lọ lọ́jọ́ náà máa dúró ní Omi-Àdìó, nítorí láti ibẹ̀, Àpáta àti Òdò-Ọ̀nà ni wọ́n máa gbà wọ Dùgbẹ̀, tí Jericho sì wà nítòsí.

Kí èèyàn háyà ọkọ̀

Fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ní àpótí mẹ́fà, ọkọ̀ tí wọ́n háyà ló bọ́gbọ́n mu, kódà bí owó rẹ̀ bá ga. Ẹnu ọ̀nà ilé ló máa já wọn sí, kò sí pé wọ́n ń gbé ẹrù sókè sódò. Bí wọ́n bá pín owó náà sí mẹ́rin, kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ohun tí rélùwéè àti takisí méjì máa ná wọn.

Ẹni tí wọ́n máa háyà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wàhálà. Bí èrò bá ṣe ń jáde ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn kan á ti yí i ká: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀! Ìbàdàn ni? Ọkọ̀ wà nílẹ̀, sà!" Ẹnìkan á ti gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ọkọ̀. Wọ́n kàn ń mú èrò lọ bá awakọ̀ kan níta ni, wọ́n á sì gba tiwọn lórí owó náà. Kí èèyàn di àpótí rẹ̀ mú, kó dúpẹ́, kó máa lọ sí ibi tí àwọn onítakisí tó forúkọ sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú wà. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè lórí fóònù bíi Uber àti Bolt náà wà. Ìṣòro wọn ni pé awakọ̀ mìíràn á gbà lórí fóònù, tó bá dé tó gbọ́ pé Ìbàdàn ni, á ní kí èrò fagi lé e kí wọ́n jọ sọ owó lẹ́nu. Bí èrò bá ti gbà bẹ́ẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ mọ́ pé ó wọ ọkọ̀ náà. Kò yẹ kéèyàn gbà.

Èyí tó fọkàn balẹ̀ jù ni awakọ̀ tí ẹbí mọ̀, tí wọ́n rán láti Ìbàdàn. Jericho kò ṣòro fún awakọ̀ Ìbàdàn. Tó bá ti kọjá Too-gééètì, á gba Challenge àti Ring Road bọ́ sí Ìyágankú. Ẹni tí wọ́n háyà ní Ìkẹjà lè má mọ̀ ju Iwo Road lọ, á wá máa béèrè ọ̀nà Ìdí-Iṣin lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́. Kí ìyá tó wà nílé gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà àti orúkọ awakọ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì ti sanwó epo ṣáájú. Awakọ̀ tó yà gbepo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà máa ń jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá èèyàn.

Gáréèjì

Mọ́tò elérò ló rọ̀ lówó jù, ní Ọ̀jọ́ta, Bẹ́gà tàbí Oṣòdì. Fún ẹni tó ní báàgì kan ṣoṣo tó sì balẹ̀ lówùúrọ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Inú gáréèjì ni kó ti wọ̀ ọ́ o. Àwọn ọkọ̀ tó ń pe "Ìbàdàn kan, ó ku ẹnìkan!" lẹ́bàá títì, tí èrò mẹ́ta tó dákẹ́ ti jókòó sínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n-ṣáàǹsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí àmì pápá ọkọ̀ òfuurufú ṣì wà lára àpótí rẹ̀, ni irú wọn ń wá. Kó já àmì náà kúrò kó tó jáde.

Ọjọ́ tí èèyàn máa rìn tún ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ọmọ ìjọ Ìràpadà ń rọ́ lọ sí ìpàgọ́ wọn fún àdúrà òru, láti ọ̀sán ni ọ̀nà Mowé àti Ìbàfó sì ti ń dí. Lóṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣe àpéjọ ọdọọdún, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì òfuurufú rẹ̀ padà, kó yẹra fún un. Ẹni tí kò bá lè yí i, rélùwéè ni kó wọ̀.

Ti àwọn tó ń bọ̀ láti Àbújá yàtọ̀ pátápátá. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ tààrà sí Aláàkíà n'Íbàdàn kí wọ́n tó ra ti Èkó. Láti Aláàkíà sí Jericho, inú ìlú kan náà ni.

Nígbà tí àlejò bá ń padà lọ, ìṣirò náà yí padà. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá máa gbéra ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago méje ló ti yẹ kó wà ní Ìkẹjà. Wákàtí mẹ́rin ni kó fún ọ̀nà, wákàtí kan sì ni kó fi sílẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyẹn ni pé aago méjì ọ̀sán ló máa kúrò ní Jericho, bó ti wù kí oúnjẹ ọ̀sán pẹ́ tó.