Ṣé Ó Yẹ Kí Nọ́mbà Agbábọ́ọ̀lù Fẹ̀yìn Tì Pẹ̀lú Rẹ̀?

Bí agbábọ́ọ̀lù ńlá kan bá fẹ̀yìn tì, tàbí tó bá kú, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má wọ nọ́mbà rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n gbé jẹ́sì náà kọ́ sókè títí láé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé iyì nìyẹn, àbí ìfiṣòfò?

Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, gba ife fún Houston Rockets nínú bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ní 1994 àti 1995. Ní 2002, wọ́n gbé nọ́mbà 34 rẹ̀ kọ́ sábẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn wọn. Nọ́mbà pọ̀ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, títí dé 99. Síbẹ̀, Boston Celtics ti gbé nọ́mbà tó ju 20 lọ kọ́. Ó jọ ọ̀rọ̀ ìyá tó kó gbogbo aṣọ rere sínú àpótí, tí àwọn ọmọ wá ń fi àkísà ṣọdún.

Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ti Napoli ní Ítálì ló lókìkí jù. Diego Maradona ló mú kí wọ́n gba ife líìgì Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1987, wọ́n tún gbà á ní 1990. Ní 2000, wọ́n fi 10 rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Napoli já bọ́ sí ìpele kẹta ní 2004, òfin ibẹ̀ ni pé àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ eré gbọ́dọ̀ wọ 1 dé 11. Ni 10 bá tún jáde!

Àwọn ará Argentina náà fẹ́ fi 10 Maradona pamọ́ ṣáájú Ife Àgbáyé 2002. FIFA ní rárá, 1 dé 23 ni kí gbogbo orílẹ̀-èdè wọ̀, láì fo ọ̀kankan. Ariel Ortega ló wọ̀ ọ́ níkẹyìn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí Togo fi nọ́mbà 4 tí Emmanuel Adebayor wọ̀ ní Jámánì ní 2006 pamọ́, kó rántí pé ọjọ́ tí Togo bá tún lọ sí Ife Àgbáyé, ẹnì kan ní láti wọ̀ ọ́.

Ti Marc-Vivien Foé, ọmọ Cameroon, yàtọ̀. Orí pápá ló ṣubú sí ní Lyon ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2003, nígbà tí wọ́n ń bá Colombia gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Ọmọ ọdún 28 ni. Manchester City fi 23 rẹ̀ pamọ́, Lyon náà fi 17 pamọ́. Ta ló máa bá wọn jà sí i? Ṣùgbọ́n nígbà tí Jean Makoun, ọmọ Cameroon bíi tirẹ̀, dé Lyon ní 2008, 17 yẹn gan-an ni wọ́n fún un, ó sì wọ̀ ọ́ ní ìrántí Foé. Lójú tiwa, ìrántí yẹn ju ẹ̀wù tó wà lára ògiri lọ.

Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n máa fi nọ́mbà pamọ́ ní ẹjọ́ kan tó wúwo. Wọ́n ní ẹ̀wù ẹni ńlá a máa wọ ọmọdé lọ́rùn: bó bá ṣi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo gbá, wọ́n á ní ẹni àná kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Kétu, bí Alákétu bá wàjà, a kì í ti ààfin pa. Ẹni tí oyè tọ́ sí la ń wá. Bí ìyá oníṣòwò bá sì kú, ọmọ rẹ̀ ló ń jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, àwọn oníbàárà á ṣì máa pè é ní ìsọ̀ ìyá Lágbájá. Àti pé ẹgbẹ́ abúlé tó dáwó ra jẹ́sì kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta, èwo ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò níbẹ̀? Kí àgbà ẹgbẹ́ sọ ìtàn ẹni tó wọ̀ ọ́ rí fún ọmọ tó fẹ́ gbà á. Ìyẹn ò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Rashidi Yekini ló ká wa lára jù. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó lọ sí Africa Sports ní Abidjan, ìlú tí àwọn oníṣòwò wa mọ̀ dáadáa, kó tó dé Pọ́túgà. Ní 1994, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà ní Ife Àgbáyé, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n Bulgaria, tó ń ké. Nígbà tó kú ní oṣù Karùn-ún 2012, ó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé ní Ìbàdàn, tí ara rẹ̀ ò dá. Ìlú Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n sin ín sí. Òkú ò mọ iye a rágọ̀. Ìtọ́jú nígbà tó wà láàyè ni ì bá ṣe é láǹfààní, kì í ṣe kí wọ́n fi 9 rẹ̀ pamọ́ lẹ́yìn ikú.

Àwọn mìíràn ti wọ 9 yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Obafemi Martins wọ̀ ọ́, Victor Osimhen náà gbà á. Bí Osimhen bá sì ti gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà, àwọn oníròyìn á ka iye tirẹ̀, wọ́n á fi wé góòlù 37 ti Yekini. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1994 á wá máa béèrè pé, ta ni Yekini?